Ooru ààrò gàrí, ṣé ó lè tan gílóòbù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Màmá mi ń yan gàrí tà ní ẹ̀yìn ìlú Ìwó. Ààrò mẹ́rin ló wà ní ilé gàrí náà. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán ni iná ń jó lábẹ́ agbada, ooru ibẹ̀ kò sì ṣeé dúró tì. Wọn kì í mú iná wá sí àdúgbò yẹn dáadáa, jẹnẹrétọ̀ kékeré la fi ń tan gílóòbù, òun náà la fi ń ṣájì fóònù. Mo wá rí fídíò kan tí ọkùnrin kan ti lẹ táìlì funfun kékeré mọ́ ara ìkòkò gbígbóná, gílóòbù sì tàn. Wọ́n ní thermoelectric ni wọ́n ń pè é. Ṣé òótọ́ ni? Táìlì mélòó ni mo máa rà kí n lè ta jẹnẹrétọ̀ yìí?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀ o.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí màmá pé wọ́n kú ìdáná, wọ́n sì kú èéfín. Mo ti jókòó nídìí agbada rí, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ohun tí ẹ rí nínú fídíò yẹn kì í ṣe idán. Àmọ́ ẹ padà lọ wo irú gílóòbù tó tàn. Iná pupa bíńtín tó máa ń wà lára tẹlifíṣọ̀n tí a bá ti pa á, wáàtì 0.06 ti pọ̀ fún un. Gílóòbù LED tí à ń lò nílé ń jẹ wáàtì 3, 5 tàbí 9. Ẹni tó kàn fẹ́ kí ẹnu ya àwọn èèyàn lórí fóònù, iná bíńtín yẹn ti tó o. Ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ló ní láti jókòó ṣírò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa lo nǹkan yìí láìmọ̀. Ẹ wo gáàsì tó ní ófùnù nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ṣáná sí ófùnù náà, ẹ ní láti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á kú. Ohun tó fà á ni pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ wà nínú iná. Tí orí yẹn bá gbóná, á mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde, kò tó fóltì 0.05, síbẹ̀ ó tó láti di ojú ọ̀nà gáàsì mú kó má pa dé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ iná pa, irin á tutù, iná mànàmáná á tán, ojú ọ̀nà gáàsì á pa dé fúnra rẹ̀. Kò sí bátìrì níbẹ̀ rárá. Ooru ló ń ṣọ́ ilé.

Táìlì funfun gan-an tí ẹ rí wà nínú díspẹ́ńsà olówó pọ́ọ́kú, èyí tí kò ní kọ̀m̀pẹ̀rẹ́sọ̀, tí omi inú rẹ̀ kì í tutù débi tó yẹ bó ti wù kó pẹ́ tó. Tí ẹ bá fún táìlì náà níná, ojú kan á tutù, ojú kejì á gbóná. Jean Peltier, ará Faransé kan tó ti ṣe iṣẹ́ aago rí, ló ṣàkíyèsí ìyẹn ní ọdún 1834. Ẹ yí i padà: ẹ fi ooru sí ojú kan, ẹ fi òtútù sí èkejì, òun náà ló máa wá fún ẹ̀yin níná. Ìyípadà yìí ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ rí.

Thomas Johann Seebeck ló rí i, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1770 sí ìlú tí à ń pè ní Tallinn lónìí. Ní ọdún 1821, ní Berlin, ó mú irin oríṣi méjì, ó so wọ́n pọ̀ ní orí méjèèjì títí wọ́n fi di òrùka, ó mú ojú ìsopọ̀ kan gbóná, ó wá gbé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí tòsí. Abẹ́rẹ́ náà yí. Seebeck ní òòfà ni ooru bí níbẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Kódà ó rò pé bí ayé ṣe gbóná níbì kan tó tutù níbòmíràn ló sọ ayé fúnra rẹ̀ di òòfà. Hans Christian Ørsted, ará Denmark, ló sọ pé iná mànàmáná ló ń yípo nínú òrùka náà, òun ló sì ń yí abẹ́rẹ́. Ẹni tó rí i kọ́ ló mọ ohun tó rí. Síbẹ̀ orúkọ Seebeck ni a fi ń pè é títí dòní, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni ń bínú.

Ní ọdún 1826, Georg Ohm, ẹni tí gbogbo oníṣẹ́ iná ń fi òfin rẹ̀ jẹun, nílò iná tí kò ní máa lọ sókè sódò bíi ti bátìrì ayé ìgbà yẹn. Òrùka bismuth (irin kan ni) àti bàbà ló lò. Ó mú kí omi híhó máa gbóná orí kan, ó sì fi yìnyín yí orí kejì ká.

Ẹ wo ohun tí Ohm ṣe yẹn dáadáa. Omi híhó, àti yìnyín. Nínú irin, àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù wà tí wọ́n ń rìn gbéregbère. Bí orí kan bá gbóná, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa ta gìrì ju àwọn ti orí tútù lọ, wọ́n á sì máa ṣí lọ síbi tó tutù, bí èrò ọjà ṣe ń sá kúrò nínú oòrùn lọ sábẹ́ igi. Bí wọ́n ṣe ń kó jọ sápá kan, fóltì ti dé nìyẹn. Tí gbogbo ọjà bá wá gbóná bákan náà ńkọ́? Ta ló máa ṣí lọ síbo? Ẹ ju táìlì yẹn sínú iná kí ojú rẹ̀ méjèèjì gbóná bákan náà, ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi táìlì jíjóná.

Nítorí náà, gbogbo ooru tí ẹ kà fún mi yẹn, ààrò mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì tí ẹ ò kọ sínú ìbéèrè yín ni pé: kí lẹ ní níbẹ̀ tó tutù, báwo lẹ sì ṣe máa mú kó máa tutù nìṣó? Nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí tí mo ti rí tó bàjẹ́, ojú òtútù ló ti bàjẹ́. Igi ìdáná kì í wọ́n wa. Òtútù ló ń wọ́n wa.

Kí n ṣàlàyé ohun kan sí i kí a tó dé orí ìṣirò. Irin lásán kò dára fún iṣẹ́ yìí. Bàbà tó ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ náà ló ń jẹ́ kí ooru kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú tútù á ti gbóná kí ẹ tó ṣẹ́jú. Nǹkan tó máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀lẹ́kítíróònù, tó sì máa tìlẹ̀kùn mọ́ ooru, ni à ń wá. Abram Ioffe, ọ̀gá nínú ìmọ̀ físíìsì ní Leningrad (St. Petersburg ní Rọ́ṣíà lónìí), wà lára àwọn tó tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé inú semiconductor, ẹbí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni kí a lọ wá a. Ní àwọn ọdún 1950, ó ti di ọjà ní Soviet: àtùpà epo òyìnbó tí wọ́n to semiconductor yí ọ̀nà ooru orí gíláàsì rẹ̀ ká, tí wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ṣe bí ìyẹ́ sí i lára kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ojú òde rẹ̀. Àwọn ará oko tí iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn á tan àtùpà lálẹ́, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ríran, wọ́n á fi ooru rẹ̀ gbọ́ rédíò. Nǹkan bíi wáàtì 3 ló ń mú wá. Mo fi àtùpà epo òyìnbó kàwé fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé bàbá mi, a ò sì fi ooru orí rẹ̀ ṣe ohunkóhun, àfi èsúnsún tó ń kó sí i lásìkò òjò.

Ohun tó wà nínú táìlì tiyín ni bismuth telluride. Láti 1954 ni wọ́n ti mọ̀ pé ó dára fún iṣẹ́ yìí, títí di ìsinsìnyí òun náà ló gba ọjà fún ooru tí kò ju dígíríì 200 lọ. Ẹ máa gbọ́ nípa àwọn tuntun. Ní 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà kéde tin selenide, èyí tó ṣe dáadáa ju bismuth telluride lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n inú ooru tó lé ní dígíríì 600 ló ti ṣe é, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná fún wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó yá, ìṣirò. Táìlì tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí wọ́n kọ TEC1-12706 sí lára. Mílímítà 40 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀, kò nípọn ju mílímítà 4 lọ. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀: 127 ni iye tọkọtaya semiconductor tó wà nínú rẹ̀, 06 sì ni iye ampere, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, tó lè gbà tí wọ́n bá ń fi mú nǹkan tutù. Tọkọtaya 127 jẹ́ ẹyọ 254. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóltì 0.0002 wá fún dígíríì Celsius kọ̀ọ̀kan tí ojú kan bá fi gbóná ju èkejì lọ. Àpapọ̀ gbogbo wọn, nǹkan bíi fóltì 0.05 fún dígíríì kan. Ká ní ojú tó kọ sí iná jẹ́ dígíríì 110, tí ojú tó kọ sí omi jẹ́ 50. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 60, ẹ rí fóltì 3.

Inú yín ti ń dùn, àbí? Ẹ ní sùúrù. Táìlì náà ní ìdènà tirẹ̀ nínú, nǹkan bíi ohm 2, nígbà tí ẹ bá sì ń gba iná tó pọ̀ jù lára rẹ̀, ìdajì fóltì náà inú rẹ̀ ló máa run sí. Ó ku fóltì 1.5, pẹ̀lú ampere 0.75. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: wáàtì 1.1. Ohun tí táìlì kan máa fún yín nìyẹn, tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ. Ooru tó gba inú rẹ̀ kọjá láti mú wáàtì kan yẹn wá tó nǹkan bíi wáàtì 33. Ìdá 3 nínú 100 lẹ rí mú, ìyókù kọjá lọ sínú omi.

Kí ẹ tó bú ẹni tó ṣe táìlì: láti 1824 ni Sadi Carnot, ẹnjiníà ará Faransé, ti là á yé aráyé pé kò sí ẹ̀rọ kankan, bó ti wù kó gbọ́n tó, tó lè sọ gbogbo ooru di agbára. Láàárín dígíríì 110 àti 50, ẹ̀rọ tí kò ní àléébù rárá kò lè mú ju ìdá 16 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá ṣe ń fa ojú méjèèjì jìnnà síra ni ìdá yẹn ń pọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ òtútù la tún padà sí.

Wàyí o, jẹnẹrétọ̀ kékeré yín, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour", ń mú nǹkan bíi wáàtì 650 wá. Tí a bá fi 1.1 pín in, táìlì tó ń lọ sí 600 ni. Ooru wáàtì 20,000 ló sì gbọ́dọ̀ máa gba inú wọn kọjá láìdúró, kí omi máa gbé e lọ ní òdìkejì. Ìyẹn ti kọjá ohun tí a lè fi dúrọ́ọ̀mù ṣe. Ẹ máa nílò odò. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nípa iye táìlì nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ṣì ń lo nǹkan tó ń pàdánù ìdá 97. Ẹ wo ọkọ̀ òfurufú méjì tí Amẹ́ríkà jù sójú sánmà ní 1977, Voyager 1 àti Voyager 2. Wọ́n ti kọjá gbogbo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan níbi tí wọ́n wà, sólà kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Plutonium-238 ló wà nínú wọn, ohun tó ń gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná, tí ìdajì rẹ̀ kì í tán títí ọdún 87 á fi kọjá. Semiconductor ló ń sọ ooru yẹn di iná: nǹkan bíi wáàtì 470 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n gbéra. Ojú òtútù wọn ńkọ́? Gbogbo òfurufú tó yí wọn ká ni, òtútù ọ̀fẹ́. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò sí ọ́ìlì, kò sí bẹ́líìtì. Ta ni ì bá lọ bá wọn yí púlọ́ọ̀gì níbẹ̀? Curiosity, ẹ̀rọ tó ń rìn lórí Mars láti 2012, náà ń lo irú rẹ̀: ooru wáàtì 2,000, iná wáàtì 110 nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ìdá tí òun náà ń mú kò fi bẹ́ẹ̀ ju tiyín lọ. Wọ́n fara mọ́ ọn nítorí pé kì í kọṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìwó.

Ká ní táìlì mẹ́wàá lẹ rà. Wáàtì 11. Fún wákàtí mẹ́fà tí màmá fi ń yan gàrí, ìyẹn jẹ́ 66 wáàtì-wákàtí. Tí ẹ bá yọ ohun tó máa ṣòfò nínú wáyà àti bátìrì, ó lè ku 50. Ó máa ṣájì fóònù ńlá méjì kún, á sì tan gílóòbù wáàtì 3 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lálẹ́. Kò burú. Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín: páànẹ́lì sólà wáàtì 50 kan ṣoṣo, tí oòrùn bá ràn án dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, á mú 200 wá, kò sì ní béèrè omi lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ iná fóònù àti gílóòbù nìkan lẹ ń wá, ẹ ra sólà, ẹ gbé e jìnnà sí òrùlé ilé gàrí kí èéfín má bàa bò ó, kí ẹ máa fi aṣọ nù ún. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo ooru ààrò ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ibí lọ.

Táìlì mẹ́wàá yẹn máa da ooru wáàtì 330 sínú omi. Tó bá jẹ́ korobá lítà 20 lẹ gbé síbẹ̀, omi náà á máa gbóná sí i ní nǹkan bíi dígíríì 14 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láago méje, kó tó di aago mẹ́wàá ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígíríì 70, iná yín ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ sì máa rò pé táìlì ló bàjẹ́. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 ni kí ẹ lò. Ìgbóná rẹ̀ kò ní fi ju dígíríì 8 tàbí 9 lọ títí màmá á fi yan gàrí tán, wọ́n á sì rí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ìyẹ̀fun kúrò lára. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù náà ga ju ààrò lọ díẹ̀, kí páìpù kan ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú àpótí alumíníọ̀mù tó wà lẹ́yìn táìlì, kí òmíràn ti òkè àpótí padà sínú dúrọ́ọ̀mù. Omi gbígbóná fúyẹ́, á máa gòkè fúnra rẹ̀, tútù á máa sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò nílò pọ́ǹpù.

Apá iná gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Táìlì àkọ́kọ́ tí mo rà, orí kóòlùpọ́ọ̀tù ni mo gbé e lé tààrà, mo gbé ike omi tútù lé e lórí. Gílóòbù tàn! Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Kó tó nu ọwọ́ rẹ̀ tán kó dé, gílóòbù ti kú. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn tọkọtaya inú táìlì yẹn pọ̀ ń yọ́ ní dígíríì 138, ẹyin iná sì lè lé ní 700. Mo tú u, gbogbo inú rẹ̀ ti wó lulẹ̀ bí eyín àgbà.

Ẹ má ṣe fi kan iná tààrà. Ẹ ní kí wẹ́dà bá yín wá irin alumíníọ̀mù tó nípọn, ẹ ri orí rẹ̀ mọ́ ara ògiri amọ̀ ààrò, kó má dé àárín iná nítorí alumíníọ̀mù náà ń yọ́ ní dígíríì 660. Ìdí rẹ̀ tó yọ síta ni táìlì máa jókòó lé. Bí ìdí yẹn bá gbóná jù, ẹ fà á síta díẹ̀. Bí kò bá gbóná tó, ẹ tì í wọlé. Láàárín irin àti táìlì, àti láàárín táìlì àti àpótí omi, ẹ fi ọ̀rá funfun tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń fi sábẹ́ fáànù, kó fẹ́lẹ́ bí ìpara, kó má pọ̀. Kí ẹ wá fi bóòtù àti súpíríìn há gbogbo rẹ̀ mọ́ra, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ bí irun bá wà láàárín wọn, ooru ò ní kọjá. Tí ẹ bá lówó díẹ̀ sí i, ẹ béèrè èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún mímú iná jáde, tí ojú gbígbóná rẹ̀ lè gba dígíríì 250. Ó wọ́n ju ti díspẹ́ńsà lọ, àmọ́ ẹ lè fi gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iná lórí táìlì kan, ẹ̀mí yín á sì balẹ̀. Ẹ kàn rántí pé ooru tó ń dà sínú omi náà á pọ̀ sí i.

Ní ti wáyà, táìlì kan kò lè ṣájì nǹkan kan pẹ̀lú fóltì 1.5. Ẹ so pupa èkíní mọ́ dúdú èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dórí ẹ̀kẹrin, ẹ ní fóltì 6. Bóòdù kékeré tó ń sọ ọ́ di fóltì 5 fún USB wà lọ́jà dáadáa. Ẹ má so fóònù mọ́ ọn tààrà, ẹ fi bátìrì sáàárín, torí pé iná igi kì í jó bákan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ilé gàrí yẹn, fáànù ni n ó kọ́kọ́ fi yí, kí n tó ronú kan fóònù. Fáànù kékeré olófóltì 5 kì í jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 1 lọ, táìlì mẹ́rin á yí i tayọ̀tayọ̀. Ẹ fi páìpù onírin gbé atẹ́gùn rẹ̀ gba abẹ́ igi wọ inú iná, kí fáànù fúnra rẹ̀ wà níta níbi tí ooru ò ti dé. Igi tí kò rí atẹ́gùn tó ló ń rú èéfín. Tó bá rí i, èéfín yẹn fúnra rẹ̀ á jó di iná lábẹ́ agbada. Bí iná bá ṣe ń le ni fáànù á máa yára, bí iná bá rọ̀ òun náà á rọra. Kò sí bátìrì, kò sí bóòdù, kò sí ẹni tó ń tẹ nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ BioLite ní Brooklyn, New York, ti ń ta ààrò kékeré tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣe láti nǹkan bíi 2012: igi wẹ́wẹ́ ló ń jẹ, táìlì inú rẹ̀ ń yí fáànù tirẹ̀, wáàtì 2 tàbí 3 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fi ṣájì fóònù. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tò ó: fáànù lákọ̀ọ́kọ́, fóònù lẹ́yìn. Wáàtì kan kò lè ṣe nǹkan kan fún fíríìjì yín, ṣùgbọ́n ojú màmá tó ń pọ́n lójoojúmọ́ nídìí agbada, wáàtì kan lè ràn án lọ́wọ́.

Orí ààrò kan péré ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má tíì fọwọ́ kan mẹ́ta yòókù. Ẹ má sì ra táìlì kankan kí ẹ tó wọn nǹkan méjì. Ẹ yá mítà tó ní okùn tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná lọ́wọ́ oníṣẹ́ fíríìjì (iṣẹ́ Seebeck ni okùn yẹn náà ń ṣe o, irin oríṣi méjì tí wọ́n so lórí). Ẹ fi kan ara ògiri ààrò níbi tí ẹ fẹ́ ri irin sí, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nígbà tí iná ti jó dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ tì í bọ inú omi tí ẹ máa lò, ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ má wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì sọ bí kànga ṣe jìnnà sí ilé gàrí tó. N ó bá yín ṣírò iye táìlì tó máa yí fáànù yẹn.